Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Tú Ọkàn Yín Palẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí i, wọn yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀rọ̀ wèrè ni ẹ fẹ́ bá wa sọ lónìí?" Rárá o. Ọ̀rọ̀ àwọn tí orí wọn pé ni, àwọn tí wọ́n ń lọ sọ́jà, tí wọ́n ń se oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n sì ń kí aládùúgbò, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ìyá kan wà tí ó máa ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa láti apá Òkè-Afá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù inú bárékè sójà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàmù. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama nígbà náà ni. Gbogbo ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì kó sínú odò Òkè-Afá nínú òkùnkùn, wọn kò jáde mọ́. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìyá tí mo ń wí yìí wà nínú èrò náà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó dì lọ́wọ́ mú já mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn kò sì rí ọmọ náà mọ́ títí di òní.

Kò sọ èyí fún mi. Ohun tí ó máa ń sọ fún mi ni pé, "Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi. Nǹkan ń rìn nínú orí mi bí èèrà. Gbogbo ara ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á." Èmi yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, n ó fún un ní oògùn orí fífọ́ àti fítámì, n ó ní kí ó máa sinmi. Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe báyìí. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ti fẹ́ máa lọ, ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti sú mi. Bí mo bá sùn tí n kò jí, ẹ má sunkún." Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o, mà. Ẹ máa gbàdúrà." Mo sì pe ẹni tí ó kàn.

Ẹ̀yin ará mi, ìdáhùn mi yẹn ń dùn mí títí di òní. Wọ́n kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjókòó ni a ń fi lọ̀ ọ́, a ó sì bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níta, mo sì jẹ́ kí ìyá náà lọ.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò ṣe ara rẹ̀ ní nǹkan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wá ẹnì kan fún un, ọkùnrin kan tí ó gba yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń tọ́jú ọkàn. Ọkùnrin yìí gba owó ìpàdé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ nínú yàrá yẹn fi padà bá a nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò. Àṣé ọkùnrin náà ti rò ó fún ẹni tí ó mú wọn mọra. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá náà búra pé òun kò ní la ẹnu òun fún ẹ̀dá alààyè mọ́. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó gbà láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ.

Nítorí èyí ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Èrò mi ni pé ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìtọ́jú gidi, ó ń wo ènìyàn sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ohun tí ó ń rà kí ó tó san owó lè ra ọgbẹ́ mọ́ ọgbẹ́. A ń na aṣọ wò kí a tó rà á ní ọjà Òṣòdì, a sì ń fi ojú wo ẹja kí a tó dúnàá dúrà. Kí ni ṣe tí a ó fi tú àṣírí ọkàn wa sílẹ̀ fún ẹni tí a kò bi léèrè ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí ó bá lọ rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti di ará Yábàá. Ní tòótọ́, ilé-ìwòsàn Yábàá bẹ̀rẹ̀ ní 1907 gẹ́gẹ́ bí ilé tí a ń ti àwọn wèrè mọ́, orúkọ yẹn ni ó sì ń lé ènìyàn sá títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn ọ̀hún ti di ibi tí òṣìṣẹ́ báǹkì, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyá ọlọ́mọ ń wọ̀ ní àárọ̀, tí wọ́n sì ń padà sílé wọn ní ọ̀sán. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà níhìn-ín ní Òṣòdì wa. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè, sì ti kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó fún aláìsàn ọkàn ní ẹ̀tọ́ kí a má ṣe yà á sọ́tọ̀, kí a sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì rò pé ohun tí àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Ara títa àti nǹkan tí ń rìn lórí tí ìyá yẹn ń sọ, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Ní 1987, Dókítà Roger Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí yìí fún àwọn dókítà àgbáyé, pé ìdààmú ọkàn sábà máa ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ń fi àwọn aláìsàn sí abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn Arò ká, kí ẹbí kan máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí wọ́n sì padà sí àárín ènìyàn ní alẹ́. Ó mọ̀ pé ọkàn ènìyàn kì í sàn nínú àdáwà.

Ó yá, kí ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àrùn gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun, àti àwọn oògùn kan tí a ń lò lójoojúmọ́ lè mú kí ó rẹ ènìyàn, kí oorun dá, kí àyà máa já. Ẹ lọ rí dókítà, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, àgbo pàápàá. Bí ara bá ti mọ́, a ó mọ̀ pé ọkàn ni a ń wá.

Èkejì, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá. Dókítà àrùn ọpọlọ kọ́kọ́ jẹ́ dókítà ná, òun ni ó lè kọ oògùn fún yín. Saikọ́lọ́jísìtì ti ilé-ìwòsàn kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó ti kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì lórí iṣẹ́ yìí gan-an, kí ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ilé-ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ wà pẹ̀lú. Dókítà ní láti ní ìwé-àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní MDCN, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ojúlówó kò ní bínú bí ẹ bá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, níbo ni ẹ ti kọ́ṣẹ́? Ta ni ó fún yín ní ìwé-àṣẹ? Ẹ̀yin ti tọ́jú irú ọ̀ràn mi yìí rí?" Bí ó bá fa ojú ro, ẹ gbé báàgì yín, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè owó àti àkókò. Ìpàdé kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ìtọ́jú kan kò ju ìpàdé 6 sí 20 lọ, òmíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye tí ẹ ó máa san, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá lè wá lọ́jọ́ kan. Ẹ má san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò tíì bá jókòó. Ẹ ronú nípa owó ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò ní rí ànfààní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ilé-ìwòsàn ìjọba sábà máa ń dínwó ju ti àdáni lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó tò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè èdè. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi ń sunkún, ẹ sọ pé Yorùbá ni ẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò sí nǹkan, tí omi sì bọ́ lójú wọn nígbà tí mo bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Kí ló wà nínú yín?"

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ àṣírí, òun ni ó ba ti ìyá yẹn jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ ní kí ó ṣàlàyé ohun tí yóò pa mọ́ àti ohun tí kò ní lè pa mọ́. Olùtọ́jú tòótọ́ yóò sọ fún yín pé òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ yín fún ọkọ, fún ìyàwó, fún pásítọ̀ tàbí fún ìmáàmù, àfi bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn lára, tàbí bí a bá ń fi ìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ẹ béèrè ibi tí ó ń fi ìwé yín sí. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ó ti máa sọ̀rọ̀, ẹ wá ibi tí etí kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fésì-mí-àì-fésì-yú mọ ohun tí mo ń wí. Ẹnì kan tí mo mọ̀ máa ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń ṣe é ní ire.

Ẹ̀kẹfà, ẹ mọ ààlà. Olùtọ́jú kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ yín, kò gbọdọ̀ ta ọjà fún yín, kò sì gbọdọ̀ bá yín ṣe eré ìfẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà yìí, ẹ sá fún un, kí ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tàbí ilé-ìwòsàn tí ó gbà á síṣẹ́.

Èkeje, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ń lọ síbẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, wọ́n fẹ́ kí wọ́n jókòó kí ó sì tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú kì í sábà sọ pé, "Kọ ọkọ rẹ" tàbí "Dárí jì í." Ìyàtọ̀ òun àti ìpàdé ẹbí nìyí: nínú ìpàdé ẹbí, ìyá-ọkọ ní ìhà tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní ìhà tirẹ̀, ṣùgbọ́n olùtọ́jú kò ní ìpín nínú ogún yín. Yóò máa bi yín léèrè títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn ara yín. Irú ìtọ́jú kan wà tí Dókítà Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1960 sí 1970, tí a fi ń yẹ èrò wa wò. Ẹ jẹ́ kí a ní oníbàárà yín kan kọjá níwájú ìsọ̀ láì kí yín. Èrò tí ó kọ́kọ́ wá ni pé, "Ó ti gbọ́ ohun burúkú nípa mi." Inú bàjẹ́, ẹ ti ìsọ̀ pa, ẹ lọ sùn. Olùtọ́jú yóò ní kí ẹ kọ èrò náà sílẹ̀, kí ẹ wá ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ kí oníbàárà náà. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní rí èso rẹ̀.

Ẹ̀kẹjọ, ó lè kọ́kọ́ burú sí i kí ó tó dára. Bí a bá ń fọ egbò tí ó ti pẹ́, ó máa ń ta ènìyàn. Ẹ lè sunkún lẹ́yìn ìpàdé kejì, ẹ lè má fẹ́ padà. Ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ má kàn dákẹ́ kí ẹ sá. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé mẹ́rin sí mẹ́fà bá kọjá tí ẹ kò rí ìyípadà kankan, tàbí tí ara yín kọ ẹni náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹlòmíràn. Kì í ṣe àfojúdi. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe fún aránṣọ.

Ẹ̀kẹsàn-án, ẹ má ṣe fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Bí dókítà bá ti kọ oògùn ọpọlọ fún yín, ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, dídá wọn dúró lójijì sì lè da ara rú. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a kì í fi àdúrà nìkan rán ojú ọgbẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ àti òwú wà níwájú wa.

Ẹ̀yin ọkọ ilé, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Mo máa ń gbọ́ pé, "Ìyàwó mi ń kó ọ̀rọ̀ ilé mi fún àjèjì." Àjèjì ni dókítà tí ó gba ẹ̀bí ọmọ yín náà, ẹ kò sì dí i lọ́wọ́. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀, kí ẹ má sì bi í ní ohun tí ó sọ. Bí àkókò bá tó, yóò sọ fún yín. Àwọn mìíràn nínú yín ló yẹ kí ó tilẹ̀ lọ fún ara yín, nítorí ọtí tí ẹ ń mu ní alẹ́ kì í ṣe òǹgbẹ ni ó fà á.

Ẹ lè wí pé, "Nọ́ọ̀sì, owó dà?" Òótọ́ ni. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa, owó àdáni sì ń wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Sìmbábúwè. Ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare, ó gbé bẹ́ǹṣì onígi sí ọgbà àwọn dísípẹ́ńsárì, àwọn ìyá náà sì ń jókòó ti àwọn tí ìrònú ti pọ̀ jù fún. Nígbà tí wọ́n gbé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní 2016, àwọn tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà sàn ju àwọn tí ó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ nìkan lọ. Ẹ kíyè sí i pé a kọ́ àwọn ìyá náà, àwọn àgbà iṣẹ́ sì ń ṣọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ṣe fún wa nìyẹn: bẹ́ǹṣì kan àti ẹni kan tí a kọ́, nínú ọgbà dísípẹ́ńsárì kọ̀ọ̀kan. Kò tó owó ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri lọ́dọọdún.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì dá a dá. Ẹ bi í gbangba pé, "Ṣé o ń rò láti pa ara rẹ ni?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ọkàn ẹni, ó ń gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni. Ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 767 àti 112 ni ẹ lè pè ní Èkó bí ọ̀rọ̀ bá di kíákíá.

Ìyá Òkè-Afá ṣì ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ saikọ́lọ́jísìtì kan ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Ní ìpàdé kẹta ni ó tó lè dárúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò sọ pé òun ti gbàgbé, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó gbàgbé. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé òun ń sùn tó wákàtí márùn-ún, àti pé ní oṣù kìíní tí ó kọjá, òun lọ dúró níbi ìrántí àwọn òkú tí ó wà ní Òkè-Afá, òun sunkún, òun sì fi ẹsẹ̀ òun rìn padà sílé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí mo pe ẹni tí ó kàn. Ó ní, "Ọmọ mi, èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ yẹn." Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nǹkan ń rìn lórí òun, mo máa ń fà àga sún mọ́ ọn, mo máa ń bi í bí ó ṣe ń sùn àti bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Àwọn tí ó wà níta ń kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ máa tọ́jú ara yín, kí ẹ sì tọ́jú ọkàn yín.

Èmi ni ti yín tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì Dísípẹ́ńsárì